Ìjàpá Lójú Ọ̀nà Ìlọrin: Bí Àwọn Òbí Wa Ṣe Bá Mọ́tò Jà Lọ́nà Àjò

Bí ẹ bá wọkọ̀ ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, tí ẹ gba títì LASU sí Ìṣẹ̀rí lọ sí ìhà òkun, ẹ ó kọjá Ìgàndò, ẹ ó kọjá Ìbà, kí ẹ tó já sí Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gba ibẹ̀ kọjá nínú dánfó láìbojú wo ògiri rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, ọdún 1975, ni mọ́tò àkọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù kan náà, ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Ìjọba Gowon ló wà lórí oyè nígbà náà, owó epo rọ̀bì ń wọlé, owó Udoji sì wà lápò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò lálàá mọ́tò rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń tà á.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, èyí tí gbogbo ilé mọ̀ jù ni mọ́tò tí àwọn òyìnbó ń fi orúkọ kòkòrò pè, Beetle. Bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá fẹ́ tẹ̀ lé wọn ni, yímíyímí ni wọn ì bá máa pè é. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto bí igbá ahun, wọ́n wo bí ó ṣe ń rọra gun òkè, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìjàpá. Orúkọ náà mọ́ ọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ orúkọ mìíràn fún un. Ẹ tún wò ó pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo mọ́tò kékeré ń jẹ́ lédè wa, ohun tí ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Kò sí ohun tí Ìjàpá ń yọ́. Bí ó bá wọ àdúgbò, ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn mọ̀ pé àlejò dé.

Bí ẹ bá bi àwọn òbí yín tàbí àwọn òbí wọn nípa mọ́tò yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ ó gbọ́: “Ìjàpá kì í bàjẹ́.” Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjàpá ń bàjẹ́, ó ń bàjẹ́ léraléra, pàápàá bí ọ̀nà bá jìn. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ibi tó bá bàjẹ́ sí náà ni ẹni tó lè tún un ṣe máa ń wà. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, torí pé ó yí ẹni tó yẹ kí a yìn padà. Àwọn ará Jámánì tó ya àwòrán rẹ̀ ń gba oríyìn láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà ń kọ́?

Kí a tó dé orí mọ́tò, ẹ jẹ́ ká rántí pé ìrìn-àjò tí ń dúró lọ́nà kò ṣàjèjì sí Ìṣẹ̀rí. Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ ni pé nígbà tí Olófin Ògúnfúnminíre àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, àwo kan tó léfòó lórí omi ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àwo náà dúró ní Olókèméjì fún ọjọ́ 17. Ó gbéra, ó tún dúró ní Òkè-Àtà fún ọjọ́ 17. Ó tún dúró ní ìhà gúúsù ibi tí Abẹ́òkúta wà lónìí, fún iye ọjọ́ kan náà, àwọn kan nínú wọn sì ní àwọn kò lọ mọ́, ibẹ̀ ni àwọn ó máa gbé. Nígbà tí ó dé Ìṣẹ̀rí, ọjọ́ 289 ni ó lò, ìyẹn ni 17 lọ́nà 17. Wọ́n ti ń múra àtitẹ̀dó pátápátá nígbà tí àwo tún gbéra, àwọn díẹ̀ péré ló sì bá Olófin lọ. Ní Ìdúmọ̀tà ni àwo ti wá rì, ọ̀rọ̀ náà “àwo ti rì” ló sì di Àwórì. Àwọn kan sọ pé Ìṣẹ̀rí gan-an ni ó rì sí, Ìṣẹ̀rí náà kò sì jẹ́ ẹyọ kan. A ò ní dá sí ẹjọ́ yẹn. Ohun tí a rí mú nínú ìtàn náà ni pé ibi tí ìrìn-àjò bá dúró sí ni ìlú ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò ṣe irú rẹ̀ gan-an. Ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ni ẹlẹ́kọ máa gbé igbá rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni ẹni tó ń lẹ táyà máa pa àtíbàbà sí, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi kọ́ mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ wo Ògèrè lójú ọ̀nà Ìbàdàn àti bí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ṣe sọ ọ́ di ohun tó dà.

Mọ́tò kò bá ọ̀nà nílẹ̀ nígbà tó dé. Ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Ọdún 1906, nígbà tí Walter Egerton jẹ́ gómìnà, ni wọ́n ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, kí ẹrù àti èèyàn lè máa bá ọkọ̀ ojú irin pàdé. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni: ẹrẹ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nígbà ọyẹ́. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ta mọ́tò ti mọ̀ pé òun ní láti mọ àtúnṣe rẹ̀. W. A. Dawodu ní Èkó, tí ó ti ń ta kẹ̀kẹ́ kó tó máa ta mọ́tò, ní ibi àtúnṣe tirẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ọkọ̀. Ní Ìbàdàn, Salami Agbaje wà lára àwọn ọmọ ìlú tó kọ́kọ́ ní mọ́tò tiwọn, ó sì wọ òwò ọkọ̀ akẹ́rù. Èyí fi hàn pé àwọn èèyàn wa kò dúró de òyìnbó kí ó wá bá wọn fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ̀lẹ̀kájà gba ìgboro. Òyìnbó ló ń kó ẹ́ńjìnì àti irin abẹ́ rẹ̀ wá, káfíńtà wa ló ń kan ara rẹ̀ ní pákó. Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn kọ̀ǹdọ́ tó ń du èrò mọ́ra wọn lọ́wọ́ ló fún un lórúkọ. (Ẹ̀yin tí ẹ ti ka Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì lítíréṣọ̀ rántí pé orúkọ ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi pe ara wọn ní 1980, pé alárìíwísí bọ̀lẹ̀kájà làwọn.) Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọkọ̀ ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtì igi kan ni ó máa ń dì mú. Bí ọkọ̀ bá rẹ̀ lórí òkè, yóò fò sílẹ̀, yóò sáré fi igi náà ti táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Ọmọ ọdún méjìlá lè wà nídìí iṣẹ́ yìí.

Àwọn eléré orí ìtàgé tiwa náà mọ ọ̀nà yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti àárín àwọn ọdún 1940 ni Hubert Ogunde ti ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri, láti Èkó títí dé òkè Ọya. Iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀ sí ti oníṣòwò, torí pé wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ògiri ìlú tí wọ́n ń lọ, aago eré ti pé, èrò ti sanwó. Bí ọkọ̀ bá dákú sí ojú ọ̀nà, gbèsè ti wọlé nìyẹn. A máa ń ka eré àwọn Ogunde, Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá bí ẹni pé orí ìwé ni wọ́n bí i sí, a kì í ronú nípa ọkọ̀ tó gbé e kiri. Ogunde san owó tó ju gbèsè lọ: jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà eré ló mú Adéṣẹ̀wà, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ìlú-mọ̀ọ́ká òṣèré, lọ ní 1970. D. O. Fágúnwà náà, ìrìn-àjò láti òkè Ọya ló ń ti bọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 nígbà tí ó kú sínú odò ní Wúyà, níbi tí ọkọ̀ ti ní láti dúró de pọ́ńtù kó tó sọdá. Ọ̀nà tí a ń sọ yìí jẹ nínú àwọn tí a ń kà fún ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Ìjàpá. Kí ẹ lè lóye bí ó ṣe ń bàjẹ́, ẹ ní láti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, táǹkì epo náà níwájú. Kò ní rádíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ara rẹ̀: fáànù ńlá kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sórí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí jẹnẹrétọ̀, fáànù náà sì so mọ́ ìdí jẹnẹrétọ̀ yẹn. Nítorí náà, bí bẹ́ẹ̀tì bá já, ohun méjì kú lẹ́ẹ̀kan náà: bátìrì kò gba iná mọ́, ẹ́ńjìnì kò sì rí afẹ́fẹ́ mọ́. Iná pupa kékeré kan á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Awakọ̀ tó bá rò pé ọ̀rọ̀ bátìrì lásán ni, tó ní òun á fi bẹ́ẹ̀ dé ìlú tó wà níwájú, ti sun ẹ́ńjìnì rẹ̀ jóná.

Ká sọ pé ìdílé kan gbéra ní Ìṣẹ̀rí lọ́dún 1979, wọ́n ń lọ ìgbéyàwó ní Ìlọrin. A kò sọ pé ìdílé kan pàtó ni. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá lójú ọ̀nà ni a kó jọ sínú ìrìn-àjò kan. Bàbá ló ń wakọ̀, ìyá jókòó níwájú pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ọmọ mẹ́rin àti ẹ̀gbọ́n bàbá wà lẹ́yìn. Ẹrù tí búùtù kò gbà wà lórí ọkọ̀, wọ́n fi okùn dì í. Ẹrù yẹn nìkan ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Ìdúró àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ ní pẹ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ọkọ̀ ń rìn ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, ẹ́ńjìnì gbóná, epo tó wà nínú ọ̀pá tó gba itòsí ẹ́ńjìnì kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó di èéfín. Pọ́ǹpù kò lè fa èéfín. Ọkọ̀ á kọ́ ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, á dákẹ́. Ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Yóò ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀, yóò rẹ àkísà sínú omi, yóò dà á bo pọ́ǹpù, yóò jókòó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò tún ṣáná. Àwọn tí kò mọ̀ á tú kabúrétọ̀ palẹ̀ ní àárín títì, wọ́n á tò ó padà, ọkọ̀ á ṣáná torí pé ó ti tutù, wọn á sì gba owó àtúnṣe.

Ìyàtọ̀ ńlá wà lójú ọ̀nà lọ́dún 1979 sí ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà bíi 127. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta tàbí ti Ìkòròdú àti Ṣàgámù ni wọ́n ń gbà, títì tóóró tí ọkọ̀ méjì fi ń ya ara wọn pẹ̀lú àdúrà. Ọ̀nà tuntun yìí dára, ṣùgbọ́n ó ṣe Ìjàpá ní ohun kan. Ní ọ̀nà àtijọ́, kòtò ló ń dín eré ọkọ̀ kù. Lójú márosẹ̀, bàbá tẹ iná mọ́lẹ̀ láti Òjòtá, kò gbé ẹsẹ̀ kúrò, pẹ̀lú èèyàn méje àti ẹrù lórí. Ẹ́ńjìnì tí a ṣe láti máa rọra sá ni wọ́n ń lé bí ẹṣin.

Lẹ́yìn Ògèrè, iná pupa tàn: bẹ́ẹ̀tì ti já. Bí bàbá bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀tì mìíràn wà nínú búùtù, pẹ̀lú súpánà àti síkúrúdíráfà. Kò le láti pààrọ̀. A ó fi síkúrúdíráfà kọ́ púlì kó má baà yí, a ó tú nọ́ọ̀tì kan, púlì á pín sí méjì. Láàárín méjèèjì ni wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà. Iye wáṣà tí a bá fi sáàárín ló ń sọ bí bẹ́ẹ̀tì yóò ṣe le tó. Bẹ́ẹ̀tì tó le jù á ba jẹnẹrétọ̀ jẹ́, èyí tó dẹ̀ jù á máa yọ̀. Ọmọkùnrin tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń di wáṣà mú kó má baà bọ́ sínú koríko. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ẹnjiníà lónìí, irú ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ di súpánà mú.

Wọ́n dé Ìbàdàn, wọ́n kọjá Mọ́níyà, wọ́n forí lé Ọ̀yọ́. Ẹ rántí pé ọ̀nà 1906 náà nìyí. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni gbogbo awakọ̀ ń bẹ̀rù. Títì tóóró ni, àjàgbé tó ń kó ẹran bọ̀ láti òkè Ọya ń gba àárín rẹ̀. Bí Ìjàpá bá jẹ́ ti àtijọ́, tí wọ́n rà kí Nàìjíríà tó yí láti apá òsì sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá ọ̀tún ni ìdarí rẹ̀ ṣì wà. Awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí iwájú bí ó bá fẹ́ ya àjàgbé, ìyá tó jókòó lápá òsì ló máa wò ó fún un, táá máa pariwo pé “Máa bọ̀!” tàbí “Dúró!” Ìgbéyàwó tó bá kọjá ọ̀nà yẹn láìjà, ó lágbára.

Ibẹ̀ ni kọ́ńtáàtì ti máa ń paná. Irin kékeré méjì ni, wọ́n ń fẹnu kanra wọn láti rán iná sí púlọ́ọ̀gì. Àlàfo àárín wọn kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bíi 0.4 mílímítà lọ. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ, àlàfo náà á pa, ọkọ̀ kò ní lágbára mọ́, yóò máa bú gbàù lẹ́yìn bí ìbọn. Mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà kò ní irin tí wọ́n fi ń wọn àlàfo náà. Yóò fi ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná tó rí ṣákaṣàka ha ojú kọ́ńtáàtì, yóò ya etí páálí kan, yóò fi sáàárín, yóò dì í. Àwọn tó kàwé á rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ náà á dé Ìlọrin.

Ìdúró tó ń dáni lóró gan-an kò ní ṣe pẹ̀lú bẹ́ẹ̀tì tàbí kọ́ńtáàtì. Nínú Ìjàpá àtijọ́, ohun tí ń tu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì dúró sí ojú afẹ́fẹ́ tó ń lọ sí sílíńdà kẹta. Sílíńdà yẹn ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, fáàfù rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jó tàbí kán. Ilé-iṣẹ́ náà mọ̀, wọ́n sì tún ibẹ̀ ṣe nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà lójú títì wà bẹ́ẹ̀. Bí fáàfù bá kán, orí písítìnì ló máa já lé, ariwo rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kò sí àkísà tútù fún ìyẹn. Síbẹ̀, ẹ wò ó: bólùtù mẹ́rin ló di ẹ́ńjìnì Ìjàpá mọ́ ara ọkọ̀. Èèyàn méjì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan, kí wọ́n gbé e sínú búùtù Píjò tó ń kọjá lọ sí ìlú, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì. Ẹ gbìyànjú ìyẹn pẹ̀lú mọ́tò tí wọ́n ń tà lónìí.

Ta ló máa sun ẹ̀bá ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ìbéèrè yìí ni ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́ṣà, adigunjalè gba ojú ọ̀nà kan. Òfin tí ìjọba ológun ṣe ní 1970 dájọ́ ikú fún wọn, wọ́n sì ń yìnbọn pa wọ́n ní Bar Beach lójú gbogbo ayé láti 1971. Ìyẹn kò mú kí ojú ọ̀nà ṣe é sùn. Bàbá ló máa dúró ti ọkọ̀, ìyá àti àwọn ọmọ á wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ, wọn kò sì ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Kò sí fóònù. Bí a bá gbọ́ tí àwọn àgbà ń fi ìrìn-àjò àtijọ́ ṣẹ̀fẹ̀, kí a máa rántí pé àwọn tó dé ló ń ṣẹ̀fẹ̀.

Píjò ní ẹjọ́ tirẹ̀. 404 àti 504 lágbára ju Ìjàpá lọ, èyí kò ṣe é jiyàn lé. 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. 504 gbà á ní 1975 àti 1978. (Ìjàpá náà ti gbà á rí, ní 1962. Ahun kì í yára, ṣùgbọ́n ó máa ń dé.) Omi ni ìṣòro Píjò. Lórí òkè, pẹ̀lú èrò tó kún, rádíétọ̀ á hó, awakọ̀ á rán ọmọdé lọ sódò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Aláìnísùúrù tó bá ṣí ìdérí rẹ̀ kó tó tutù á lọ ilé pẹ̀lú ojú bíbó.

Àwọn kan wà tí wọ́n tilẹ̀ gbé mọ́tò gba ibi tí kò sí mẹ́káníìkì rárá. Newton Jibunoh dá wakọ̀ la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti ilẹ̀ Yúróòpù wá sí Nàìjíríà ní 1966, ó tún ṣe é ní 2000. Ohun tó rí lọ́nà ló sún un dé ìdí ìjà tó ń bá aṣálẹ̀ jà. A kan sárá sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló ń la Sàhárà. Ẹgbàágbèje ló ń lọ láti Èkó sí Ìlọrin lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ àwọn tó tún àwọn ọkọ̀ yìí ṣe ló yẹ kí ó jẹ àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lógún, torí èdè wọn. Ọmọ á lọ kọ́ṣẹ́, á sìn ọ̀gá fún ọdún bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, á gbààyè, wọn á sàdúrà fún un, àwọn mìíràn á bọ Ògún. Nínú gbogbo ọdún yẹn, kò sí ìwé kan tó kà. Ohun tó gbà sórí ni orúkọ. Àwọn orúkọ ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnì wá láti èdè òyìnbó, wọ́n sì ti di tiwa: púlọ́ọ̀gì, kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì, gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń wá àpẹẹrẹ fún ìfáwẹ́lìbọ̀ kò nílò láti lọ jìnnà ju abẹ́ igi máńgòrò mẹ́káníìkì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọn. Orúkọ ẹ̀yà jẹ́ ti òyìnbó, orúkọ àìsàn jẹ́ ti Yorùbá. Ọkọ̀ ń wúkọ́. Ọkọ̀ dákú. Ọkọ̀ ń gbọ̀n. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Omi rẹ̀ ń jò. Ó ti jí. Èdè oníṣègùn ni wọ́n ń sọ lórí irin. Ó tún yí padà: nígbà tí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnì bàbá arúgbó kan ti nọ́ọ̀kì, ara èèyàn ni wọ́n ń fi èdè mọ́tò sọ.

A sọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń lọ. Mọ́tò òde òní ní kọ̀ǹpútà nínú. Kì í wúkọ́ mọ́; ó ń kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lábẹ́ ìdarí. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà láti Ìṣẹ̀rí títí dé Ìgàndò, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí mọ nọ́ńbà náà sórí, wọn kò sì ní ìdí láti sọ pé ọkọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. A kò bá wọn wí. Ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ ló mọ irinṣẹ́ tó bá a mu.

Báwo ni Ìjàpá ṣe wá tán nílẹ̀? Kì í ṣe ìbàjẹ́ ló pa á. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ kò rọ mọ́tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Títò ni wọ́n ń tò ó. Àwọn ẹ̀yà náà ń ti òkèèrè wá, apá kan láti Brazil, níbi tí mọ́tò mìíràn tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n sọ ní Igala, ti ń jẹ́ Brasilia. Owó dọ́là ni wọ́n fi ń ra ohun gbogbo. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìwé àṣẹ ìkẹ́rùwọlé wọ́n bí ojú. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà sì já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mọ́tò tí olùkọ́ lè fi owó oṣù rẹ̀ san díẹ̀díẹ̀ di ohun tí ó ń wò láti ọ̀nà jíjìn. Ìrìn-àjò tó dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá nìyẹn, kò sì sí mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà tó lè fi páálí ìṣáná tún un ṣe.

Mọ́tò àlòkù láti òkè òkun ló gba àyè rẹ̀. Orúkọ tí Yorùbá fún un wú wa lórí: Tòkunbọ̀, orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tó padà wálé. Mọ́tò tí ẹlòmíràn ti lò gbó di ọmọ tuntun tó ti ìdálẹ̀ dé. Ní Mẹ́síkò, wọ́n ń ṣe Ìjàpá lọ ní tiwọn títí di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde ní Puebla, tí iye gbogbo rẹ̀ ní àgbáyé jẹ́ 21,529,464. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀jọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn, ní 2014 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò Nissan níbẹ̀.

Lójú títì LASU sí Ìṣẹ̀rí, Ìjàpá kan péré tó bá kọjá, gbogbo èèyàn á yíjú wò ó. Ariwo rẹ̀ ṣì wà bẹ́ẹ̀.